Igi Tó Mu Epo Ọgọ́rin Ọdún

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ìlú olódi ló ṣòro láti ṣẹ́gun jù láyé. Irọ́ gbuu ni. Ìlú olódi, bí oúnjẹ bá ti tán nínú rẹ̀, á fúnra rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ohun tó ṣòro láti ṣẹ́gun ni igi tó ti yó. Èmi Wahab, ọmọ Ẹkúndayọ̀ Ọdẹ, tí mo ń fi fáníìṣì kun àga àti ibùsùn ní Àgídìngbì, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi sàga ti igi ìbọn kan ṣoṣo. Igi náà ò ga ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ó bá mi jà bí ẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tó jẹ iyán sùn.

Ìbọn Sájẹ́ǹtì Àjíṣọlá ni, bàbá tó bí bàbá wa. Ó bá òyìnbó lọ sógun ní Bọ́mà, ó gbé ìbọn ọ̀hún bọ̀ wálé. Bó ṣe gbé e kọjá lójú òyìnbó, ìtàn mẹ́tàdínlógún ni mo ti gbọ́ nípa rẹ̀, mo sì ti fi mẹ́rin tèmi kún un. Bàbá wa ti yọ gbogbo ìfun ìbọn náà kí wọ́n tó bí mi. Kò lè pa eṣinṣin mọ́. Síbẹ̀, òun ni ìbọn àṣíwájú fún ẹgbẹ́ ọdẹ Agége. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, ẹni tó bá wà níkàáwọ́ rẹ̀ ló ń ṣíwájú gbogbo ẹgbẹ́. Á nà án sókè lọ́wọ́ kan, láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé ojúbọ. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kejì tì í. Ìbọn náà ò sì gbọdọ̀ kan ilẹ̀ láé.

Láti ọdún tí Sájẹ́ǹtì ti dé, gbogbo ọdún Ògún ni wọ́n ń da epo pupa lé ìbọn yìí lórí. Ta ni ò mọ̀ pé Ògún fẹ́ràn epo? Irin ń jẹ, irin ń dán, gbogbo wa ń pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó rántí pé igi wà lábẹ́ irin, pé igi náà lẹ́nu, pé òun náà ń jẹ nínú sàárà ẹlòmíràn. Ọgọ́rin ọdún! Nígbà tó wá ku díẹ̀ kí bàbá wa kú, ó rí i pé igi ti ń yọ̀ lọ́wọ́, ó ní kí n fi fáníìṣì bò ó. Mo bò ó, ó dán bí iwájú orí alákòóso báńkì. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi: epo wà nínú ilé, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi Akeem ló ń ṣíwájú. Oòrùn ọjọ́ náà, bí o bá gbé ẹyin sórí fìlà, á jinná. Níwájú gbogbo Agége, fáníìṣì là, epo yọjú, ìbọn yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Akeem bí ẹja àrọ̀. Gbàgà! Wọ́n ní àwọn ará Abẹ́òkúta dìde lórí oorun ọ̀sán, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló wó.

Nítorí náà, nígbà tí ọdún tọdún yìí ku ọjọ́ méje, Bàbá Sànyà, Olúọdẹ Agége, ránṣẹ́ pè wá. Ojú kan ni Bàbá Sànyà fi ń ríran, ojú kan náà sì tó láti ka èrò inú rẹ bí ẹni ka lẹ́tà. Ó jókòó sórí àpótí ní àgbàlá rẹ̀, àwọn ọdẹ yí i ká, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Akeem, ọmọ Ẹkúndayọ̀ Àlàó," ó ní, "jagunjagun kì í sọ ohun ìjà rẹ̀ nù kó tún ní òun ni balógun."

Akeem dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ ṣàánú wa. Igi ló yọ̀."

"Bí igi bá yọ̀, ẹ lọ bá igi wí."

Ibẹ̀ ni Gbénró ti dá sí ọ̀rọ̀. Ọmọ àbúrò bàbá wa ni Gbénró, Abúlé Ẹ̀gbá ló ń gbé, ó sì ti ń fojú sọ́nà fún ìbọn yìí látìgbà tó ti ń mu ọmú. Ó ní, "Bàbá, kí la ń fi ọjọ́ méje ṣe? Ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ lónìí. Ọwọ́ tèmi kì í lagùn."

Mo ní, "Gbénró, òótọ́ ni. Ibo lọwọ́ tí ò ṣiṣẹ́ rí ti fẹ́ rí òógùn?"

Àwọn ọdẹ fẹ́ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá Sànyà gbé ojú kan náà lé wọn, ẹ̀rín kú sọ́nà ọ̀fun.

"Ẹ fetí sílẹ̀," ó ní. "Lọ́sàn-án ọjọ́ keje, màá gbé ìbọn náà sínú oòrùn, màá fi fìlà funfun mi nù ún. Bí epo bá yí fìlà mi, ìbọn á máa bá Gbénró lọ, ẹ̀yin ọmọ Àlàó á sì máa tò lẹ́yìn rẹ̀ títí láé. Ẹ má sì gbàgbé èèwọ̀ rẹ̀. Kì í sùn síta ilé tó ń gbé. Kì í gun ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni Sájẹ́ǹtì fi gbé e wọ Agége."

Ó na àdá sí wa. Akeem fẹnu kan irin, èmi náà fẹnu kàn án. A búra.

Bí ogun ṣe bẹ́ nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, a tú irin kúrò lára igi. A fi irin sílé, mo gbé igi. Láti Agége dé Àgídìngbì, ẹsẹ̀ ni, nítorí èèwọ̀. Kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo gbé ike tíńà tí a fi ń po ọ̀dà lọ́tùn-ún, mo gbé àpò sáńpépà lósì, ọwọ́ tán. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gba aṣọ ìró ìyá mi, mo pọn igi ìbọn sẹ́yìn.

Nígbà tí mo dé Ògbà, obìnrin kan tó ń ta ọsàn kígbe sí mi. "Bàbá ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o! Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà ní Bọ́mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọmọ pọ̀n. Orí ẹ̀ ti yọ síta. Orí náà mà le o!"

"Bàbá ẹ̀ ló jọ," mo ní, mo sì rọra jó ọmọ lẹ́yìn bí abiyamọ.

Ìgbà yẹn ni mo ṣì ní ẹ̀rín lẹ́nu. Kó tó di ọjọ́ karùn-ún, bí ẹ bá fi owó lọ̀ mí kí n rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní rí i rà.

Ojúọlápé ń dúró dè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni obìnrin náà ti ń ta ọ̀dà, tíńà àti fáníìṣì. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ nǹkan láyé yìí tí Ojúọlápé ò mọ ohun tó ń ṣí i kúrò. Mo máa ń sọ fún un pé kó wá bá mi ṣí gbèsè kúrò lọ́rùn, á ní èyí nìkan ló kù tóun ò tíì rí oògùn rẹ̀. Akeem náà ti tọ̀ wá lẹ́yìn. Àwa mẹ́ta jókòó yí igi náà ká, a ń gbèrò.

Akeem ní, "Ẹ jẹ́ ká fi iná yan án. Epo tó bá wà nínú ẹ̀, á sá jáde."

Ojúọlápé wò ó bí ẹni wo ewúrẹ́ tó wọ ilé ìdáná. "Bọ̀ọ̀dá Akeem, tíńà mélòó ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ó pọ̀."

"Tẹ́ ẹ bá ṣáná síbí, ìbọn ò ní dé Abúlé Ẹ̀gbá, àwa la máa dé ọ̀run. Ẹ gbàgbé iná."

"Omi eérú ńkọ́?" mo ní. "Èyí tí wọ́n fi ń ṣọṣẹ."

"Yóò jẹ epo, yóò sì jẹ igi tẹ̀lé e. Wahab, gbọ́. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù ẹ̀, ìyẹn fáníìṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sóòrùn kó lagùn. Èyí tí kò bá bá òógùn jáde, ẹfun la máa fi fà á."

"Ẹfun wo?"

"Ẹfun yìí náà. Ẹ lọ̀ ọ́ kúná, ẹ fi tíńà pò ó, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bí tíńà bá ṣe ń gbẹ, ẹfun á máa mu epo. Ohun tó bá ti mu epo yó, ohun tó ń mu epo jù ú lọ ló yẹ kẹ́ ẹ wá fún un."

Mo kan sáárá sí i. Mo ní, "Ojúọlápé, Ìyálóde Tíńà, ọ̀gágun tí kì í yọ idà!" Ó ní kí n yé pariwo, kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lọ́jọ́ náà, mo fi àfọ́kù gíláàsì ha fáníìṣì títí ọwọ́ mi fi gé níbi mẹ́ta. Ìjà yẹn ò pẹ́. Fáníìṣì sá, ó bọ́ bí ìpẹ́ ẹja. Igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo fọwọ́ kàn án, ọwọ́ mi yọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi ọ̀rá dúdú wé e, mo gbé e sórí páànù ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn Àgídìngbì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tó di ọ̀sán, mo tú ọ̀rá náà. Háà! Epo tó wà níbẹ̀, bí mo bá ní ẹ̀wà lílọ̀, mi ò bá din àkàrà fún gbogbo òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ láti Ìkẹjà dé Ọ̀rẹ́gùn, kí ẹ̀kún ìgò mẹ́ta sì ṣẹ́ kù. Mo nù ún, ó tún yọ. Mo tún nù ún, ó tún yọ. Àkísà tán, mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì mi lọ́rùn, mo fi nù ún.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹfun. Mo lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, mo fi tíńà pò ó, mo rẹ́ ẹ mọ́ igi láti orí dé ìdí títí ó fi dà bí òkú tí wọ́n fẹ́ sin. A jókòó, à ń wò ó. Ó pọ́n díẹ̀díẹ̀, funfun di pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó wá rí bí mọ́ínmọ́ín. Mo gbọ̀n ọ́n dànù, mo tún rẹ́ òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, igi náà ti gbẹ, ó ní àwọ̀ èèpo ẹ̀pà. Mo fi ìwé funfun nù ún, ìwé jáde ní funfun. Mo jó. Mo pọn ọmọ mi lọ sílé, mo kọrin ẹ̀gàn sí Gbénró títí dé Agége. Mo tẹ́ igi náà sí ẹ̀gbẹ́ irin rẹ̀ ní pálọ̀ bí èèwọ̀ ṣe wí, mo sì sùn bí ọba.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo tú aṣọ. Igi náà pọ́n, ó ń dán, ó ń wò mí bí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró para.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá, oòrùn, àkísà, ẹfun, ẹfun, ẹfun. Ó gbẹ ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo tú aṣọ, ó tún pọ́n!

Mo bú igi náà. Mo bú u láti ìran tó ti ṣẹ̀ wá, mo bú igbó tí wọ́n ti gé e àti òyìnbó tó gé e. Mo ní, "Ṣé kànga epo ni ọ́? Ṣé abẹ́ rẹ ni wọ́n ti ń fa epo lọ sí Èkó ni?" Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n ń wo èmi àti igi. Ẹnì kan ní kí wọ́n bá mi pe àwọn wòlíì. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ẹ̀tù ẹfun, ó ń ṣe mí bíi kí n sunkún, àmọ́ ẹfun ti kó sí mi lójú tó bẹ́ẹ̀ tí omi ojú ò mọ ọ̀nà.

Ojúọlápé dé. Ó fìka kan igi náà, ó gbé e sí imú. Ó tún gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Wahab, epo ọgọ́rin ọdún, báwo ló ṣe yẹ kó máa rùn?"

"Bí ẹsẹ̀ Gbénró."

"Fi eré sílẹ̀. Èyí ń ta sánsán. Epo tuntun ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á lọ́jà ni." Ó nu ìka rẹ̀. "Ẹ̀ ń bá igi jà, ọ̀tá wà nínú ilé yín."

Ara mi gbóná. Ta ló tún lè jẹ́ bí kò ṣe Gbénró? Mo búra pé tí mo bá mú un, màá fi tíńà pò ó, màá rẹ́ ẹ mọ́ ògiri. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹfà, mo fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé ní pálọ̀, pẹ̀lú igi ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n pe ìrun àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń kírun ní yàrá. Ó sálámà, ìrun parí. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyá mi ló wọlé, Modinat Àbẹ̀ní, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́rùn ọwọ́ àti ìgò epo pupa lábẹ́ abíyá. Ó jókòó ti igi náà. Ó ta epo sí àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ mọ́ igi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń para fún ọmọ tuntun, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹnu: "Àlàó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kì í jò. Ọkọ mi tí ń fi ohùn jẹ́jẹ́ lé ẹkùn. Pẹ̀lẹ́. Jẹun."

Igi ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Màmá! Ẹ̀yin kẹ̀?"

Kò tilẹ̀ ta gìrì. "Rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn ará ilé ń sùn."

"Màmá, láti ọjọ́ kẹta ni mo ti ń fa epo yìí jáde!"

"Mo rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń dá a padà. Wò ó bó ṣe rù. Gbogbo egungun ìhà ẹ̀ ló ti yọ síta."

"Ojú igi nìyẹn, Màmá! Kì í ṣe egungun! Ṣebí ìrun lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán?"

"Ọlọ́run mi ni mo kí. Ọkọ mi ni mo búra fún. Àwọn méjèèjì ò bára wọn jà, ìwọ lò ń wá ìjà." Ó tún ta epo sọ́wọ́. "Ọjọ́ tí bàbá rẹ ò lè dìde mọ́, ó gbé ọwọ́ mi lé ìbọn yìí. Ó ní, 'Àbẹ̀ní, má jẹ́ kí ebi pa á.' Mo fẹnu kan irin bí ẹ̀yin ọkùnrin ṣe ń ṣe. Ṣé kí n wá dalẹ̀ òkú ni?"

"Bí epo yìí ò bá kúrò lára igi, ìbọn á kúrò nílé wa. Gbénró á gbé e lọ."

"Ìbúra mi ò sọ ibi tó máa sùn. Ìbúra mi ní kí ebi má pa á."

Ẹ sọ fún mi, ọ̀gágun wo ló borí irú èyí rí? Mo sáré lọ bá Akeem. Ó ní, "Wahab, ṣé kí n wá de ìyá mi mọ́lẹ̀ ni?" Mo tún pọn igi lọ sí Àgídìngbì, mo tún ṣe gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Lálẹ́, mo gbé igi náà mọ́ àyà, mo dì í mú gírígírí, mo sì sùn tì í bí ọkọ ìyàwó. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ìtọ̀ gbọ̀n mí. Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo lò nílé ìtọ̀. Ìṣẹ́jú méjì! Nígbà tí mo padà, ìyá mi ti ń dé ìgò epo rẹ̀.

Ọjọ́ keje pé. Mo fi ẹfun tó kù bò ó, mo gbọ̀n ọ́n, a so irin padà mọ́ ọn, a lọ.

Àgbàlá Bàbá Sànyà kún fọ́fọ́. Gbénró ti wọ aṣọ ọdẹ tuntun, ó tilẹ̀ mú tìmùtìmù dání tí yóò gbé ìbọn lé. Bàbá Sànyà gba ìbọn, ó tẹ́ ẹ sí àárín oòrùn. Mo ń wo igi náà, mò ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi: jọ̀ọ́, má lagùn, jọ̀ọ́, arákùnrin mi. Ó lagùn. Ẹ̀kán kan yọ ní ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà ó bo gbogbo ara.

Bàbá Sànyà ṣí fìlà funfun, ó fi nù ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó nà án sókè. Fìlà ti pọ́n bí ògiri amọ̀.

"Mo wí bẹ́ẹ̀!" Gbénró fò sókè. "Tèmi ti dé! Ẹ gbé e fún mi!"

Akeem sorí kọ́. Èmi ò lè wojú ẹnikẹ́ni. Bí Gbénró ṣe ń na ọwọ́ sí ìbọn, ariwo ike dún lẹ́yìn wa. Ìyá mi ló ń bọ̀. Ó ká ẹní lábẹ́ apá, ó di ẹrù sínú báàgì, ó ń wọ́ kẹ́ẹ̀gì epo onílítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tọ̀ ọ́ lẹ́yìn.

"Gbénró, ọmọ mi," ó ní, "yàrá wo ni kí n tẹ́ ẹní mi sí?"

"Ẹní kẹ̀, Màmá?"

"Ibi tí ìbọn bá sùn ni mò ń sùn. Àràárọ̀ ló ń jẹun. Mo máa ń jí gbogbo ilé fún àsùbáà ná, lẹ́yìn náà màá fún un ní epo. Ìyàwó rẹ ń jí ní àárọ̀ kùtù, àbí?"

Mo ní, "Màmá wa sì máa ń hanrun o! Páànù ilé wa, ẹ̀ẹ̀mejì la ti pààrọ̀ ẹ̀!"

"Bàbá," Gbénró yíjú sí Bàbá Sànyà, "ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n fi epo ránṣẹ́, kí wọ́n máa sinmi sílé tiwọn."

"Ẹni tó bá gba ìbọn," Bàbá Sànyà ní, "ó gba ìbúra tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ṣé o gbà á?"

Gbénró wo ìyá mi. Ó wo kẹ́ẹ̀gì. Gbogbo wa rí i bó ṣe ń ro ilé rẹ̀ wò láti ẹnu ọ̀nà dé yàrá. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó ṣì wà l'Ágége ná."

Ẹ̀rín tó bú nínú àgbàlá náà, ewé já lára igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Sànyà ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan ẹnu ìbọn, ó na ìka náà sí ìyá mi.

"Àbẹ̀ní, ta ni ò ń fún lóúnjẹ?"

"Ògún ni, Bàbá."

"Inú irin ni Ògún wà. Ìpẹtà rèé lára irin. Àwọn ọmọ rẹ ń kó igi lọ, irin ló ń wà nílé. O ò fi ẹ̀kán epo kan sí i láti ọjọ́ méje. Igi nìkan lò ń bọ́. Kí ló dé?"

Ìyá mi fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó sún mọ́ ìbọn náà, ó gbé ọwọ́ lé e níbi tí igi ti tẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí ènìyàn ń dì mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọnú kòtò kékeré kan níbẹ̀, ó bá a mu bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń bá ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ mu.

"Ibí ni Àlàó máa ń dì mú," ó ní. "Ogójì ọdún. Ọwọ́ ẹ̀ ló jẹ igi yìí wọnú. Tí mo bá fi epo sí i, ọwọ́ mi á wọlé bá tiẹ̀. Bí mo ṣe ń fi epo pa á lọ́wọ́ nìyẹn nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Ògún. Mo kàn ń pè é ní Ògún ni."

Kòtò yẹn, mo ti rí i láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Àbùkù igi ni mo pè é. Ojúọlápé tilẹ̀ ti po lẹ́ẹ̀ àti ìyẹ̀fun igi tí n óò fi dí i. Àìgbẹ igi náà ni ò jẹ́ kí n ráyè. Ojú tì mí. Mi ò rí àwàdà kankan mú.

Ìyá mi yíjú sí mi. "Wahab, bí epo bá jáde tán, ṣé ibí yìí á ṣì wà?"

"Á wà, Màmá. Mi ò ní fi gíláàsì kàn án."

"O búra?"

Mo kúnlẹ̀, mo fẹnu kan irin ìbọn náà, tòun ti ìpẹtà rẹ̀.

Bàbá Sànyà fi fìlà tó ti bàjẹ́ náà dé orí padà. Ó ní, "Lọ́dún yìí, kò sí ìbọn tó máa ṣíwájú. Akeem á rìn níwájú, á na ọwọ́ sókè lófo, kí gbogbo Agége lè rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ sọ nù. Ìbọn á wà nílé yín di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà náà, màá mú fìlà mìíràn wá." Akeem sì rìn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, apá rẹ̀ nà sókè láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ojúbọ, àwọn ọmọdé ń bi àwọn ìyá wọn pé kí ni bọ̀ọ̀dá yẹn ń fi ọwọ́ tọ́ka sí lójú ọ̀run.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìyá mi bá mi rìn dé Àgídìngbì. Ojúọlápé gbé àpótí fún un. Ìyá mi tẹ́ igi náà sórí itan, ó ní ká gbé ẹfun wá. Ojúọlápé fún un ní ìbọ̀wọ́, ó kọ̀ ọ́. Ó ti ọwọ́ lásán bọ abọ́, ó bu ẹfun, ó rẹ́ ẹ sínú kòtò náà, ó fi àtànpàkò tẹ̀ ẹ́ yíká. Ó fi ìka méjì ra ẹfun náà wò, ó yọ ṣùtì.

"Wahab."

"Màmá."

"Ṣé bó o ṣe lọ̀ ọ́ látọjọ́ yìí nìyí? Ẹfun yìí ò kúná. Yanrìn lo rẹ́ mọ́ ọkọ mi lára lọ́jọ́ márùn-ún, o wá ní epo ò jáde."

Ojúọlápé bojú, ó ń gbọ̀n jìgìjìgì fún ẹ̀rín. Mo gbé ọlọ, mo jókòó sílẹ̀, mo tún un lọ̀.